Lẹ́tà Ṣíṣí sí Àwọn Tó Ń Kọ Sọ́fítíwíà Ọkọ̀ Mi: Ẹ Fi Ìwà Iná Èkó Han Ọkọ̀ Yìí

Ẹ̀yin ẹlẹ́rọ tí mo bọ̀wọ̀ fún,

Mo kí yín láti Gbàgádà, ní ìlú Èkó. Ọkọ̀ oníná mànàmáná kan tí ilé-iṣẹ́ yín ṣe ni mo ń wà lọ síbi iṣẹ́ mi ní Broad Street, ó sì ti di ọdún kan ààbọ̀ tí a ti jọ ń bá a bọ̀. N kò ní dárúkọ ilé-iṣẹ́ yín nínú lẹ́tà yìí, nítorí kì í ṣe pé mo fẹ́ tàbùkù yín lójú ayé ni mo ṣe kọ ọ́ síta. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti kọ ìmọ̀ràn sínú àyè tí ẹ fi sílẹ̀ fún un nínú áàpù yín, ẹ̀ẹ̀mẹta náà ni ẹ̀rọ sì dá mi lóhùn pé ẹ dúpẹ́, ẹ ti rí i gbà. Mo wá rò ó pé bí àwọn tí a jọ ní irú ọkọ̀ yìí ní Èkó bá ka ohun tí mo kọ, tí wọ́n sì fi tiwọn kún un, ọ̀rọ̀ náà lè dé ọwọ́ ẹni tí ó ń ṣe iṣẹ́ náà gan-an.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ pé ọkọ̀ náà dára. Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 ni ìjọba yọ owó ìrànwọ́ kúrò lórí epo, lítà kan tí kò tó náírà 200 tẹ́lẹ̀ sì kọjá náírà 1,000 láàárín ọdún méjì, nítorí náà n kò tíì kábàámọ̀ rí pé mo ra ọkọ̀ tí kì í mu epo. Irin rẹ̀ dára, ìjókòó rẹ̀ tu ni lára, bí a bá sì ń sọ̀kalẹ̀ láti orí afárá, bíréèkì rẹ̀ a máa dá iná padà sínú bátìrì. Ọpọlọ rẹ̀ ni mo fẹ́ bá yín sọ. Ẹni tí ó kọ ọpọlọ yẹn gbà pé iná mànàmáná dà bí afẹ́fẹ́, pé ó wà níbi gbogbo, pé kò sì ní lọ. Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ẹ kò wo ilé wa kí ẹ tó kọ́ ọkọ̀ yìí ní ìwà.

Inú ọgbà ilé wa ni mo ti ń ṣáájì rẹ̀. Sọ́kẹ́ẹ̀tì kan wà lábẹ́ fèrèsé pálọ̀ wa. Ibẹ̀ ni mo ń ki okùn tí ẹ fún mi bọ̀, ámpíà 10 (ìyẹn ìwọ̀n bí iná ṣe ń ṣàn tó) ni ó sì ń fà. Bí iná bá pé fólítì 230, ọkọ̀ náà ń gba yúnìtì méjì àti díẹ̀ ní wákàtí kan, bátìrì rẹ̀ sì nílò yúnìtì 60 kí ó tó kún láti òfo. Àdúgbò wa wà lára àwọn tí wọ́n ń pè ní Band A, àwọn tí NERC, àjọ ìjọba tí ń bójú tó ọ̀rọ̀ iná mànàmáná, gbé owó yúnìtì wọn láti náírà 68 sí náírà 225 ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, kí wọ́n tó dín díẹ̀ kúrò níbẹ̀ ní oṣù tí ó tẹ̀ lé e. Ìlérí tí wọ́n fi gbé e ni pé iná kò ní dín ní wákàtí 20 lójúmọ́. N kò ní purọ́, ọ̀pọ̀ ọjọ́ ni ó ń pé bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n wákàtí 20 náà kì í dé lódindi. Ó lè lọ ní aago mẹ́sàn-án alẹ́, kí ó dé ní mọ́kànlá, kí ó tún ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mẹta kí ilẹ̀ tó mọ́. Iná Nẹ́pà ni a ṣì ń pè é, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé láti ọdún 2005 ni orúkọ yẹn ti kúrò nínú ìwé ìjọba, tí àwọn aládàáni sì ti gba iṣẹ́ pínpín iná láti ọdún 2013.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan nínú oṣù Keje, mo ki okùn bọ ọkọ̀ ní aago mẹ́sàn-án, ìdá 24 nínú ọgọ́rùn-ún ni ó kù nínú bátìrì. Kò pé wákàtí kan tí iná fi lọ. Ní nǹkan bí aago kan òru, mo gbọ́ tí fíríìjì gbọ̀n rìrì nínú kíṣìnì, tí fáànù bẹ̀rẹ̀ sí í yí, mo sì yí ẹ̀gbẹ́ kejì padà pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀ pé ọkọ̀ náà ti ń jẹun tirẹ̀. Aago márùn-ún ààbọ̀ ni mo jáde pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Ìdá 26 ni mo bá. Ohun tí ó kọ sójú ẹ̀rọ ni pé ṣáájì ti dáwọ́ dúró, kí n jọ̀wọ́ yọ okùn kí n sì tún un kì bọ̀. Odidi wákàtí mẹ́rin ààbọ̀ ni iná fi wà, tí fíríìjì ń jẹ ẹ́, tí fáànù ń jẹ ẹ́, tí ọkọ̀ tí ó nílò rẹ̀ jù dúró síta pẹ̀lú okùn lẹ́nu, tí ó ń retí kí ènìyàn wá fọwọ́ kàn án. Yúnìtì mẹ́wàá ni ó bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́ lóru ọjọ́ yẹn. Láti ìgbà náà ni mo ti ń jí ní òru bí ìyá ọmọ tuntun, kí n lè lọ wò ó bóyá ó ń gba iná tàbí kò gbà á.

Ohun tí mo ń tọrọ kò ṣòro. Bí iná bá lọ, kí ọkọ̀ rántí pé òun ń gba ṣáájì lọ́wọ́. Bí iná bá dé, kí ó padà sẹ́nu iṣẹ́ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni yọ okùn. Ṣùgbọ́n kí ó má ṣe bẹ́ sí i lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, nítorí iná tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé kì í fara balẹ̀: gbogbo fíríìjì àti éésì àdúgbò ni ó ń gbéra pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, iná náà á ga, á wálẹ̀, ó tilẹ̀ lè tún lọ lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan. Kí ọkọ̀ dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún, kí ó wo iná náà dáadáa, lẹ́yìn náà kí ó bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Gáàdì fíríìjì tí wọ́n ń tà ní ọjà Alábà, tí owó rẹ̀ kò tó owó táyà ọkọ̀ yín kan, ti mọ èyí tipẹ́. Inú ike kékeré kan tí ó ní iná pupa àti iná aláwọ̀ ewé ni ọgbọ́n náà wà. Ó máa ń jọ mí lójú pé ọkọ̀ tí ó lè fi kámẹ́rà mẹ́rin wo àyíká ara rẹ̀ kò ní ọgbọ́n tí ike yẹn ní.

Bákan náà ni ọ̀rọ̀ iná tí kò lágbára. Láti aago méje sí mọ́kànlá alẹ́, tí gbogbo ilé ti tan éésì, fólítì ilé wa a máa wálẹ̀ dé 180, nígbà mìíràn 170. Ọkọ̀ yín kò mọ ju ọ̀nà méjì lọ: kí ó fa ámpíà 10 rẹ̀ láìwo ojú ẹnikẹ́ni, tàbí kí ó kọ̀ jálẹ̀ kí ó sì tan iná pupa. Ìlànà tí ọkọ̀ àti ẹ̀rọ ṣáájì fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ gbà kí ó sọ̀kalẹ̀ dé ámpíà 6, nítorí náà ààyè wà láàárín 10 àti 6 tí ẹ kò lò. Kí ó sọ̀kalẹ̀ sí 8, kí ó sọ̀kalẹ̀ sí 6 bí iná bá rẹlẹ̀, kí ó sì tún gòkè nígbà tí àwọn ènìyàn bá ti sùn. Ẹ sì jẹ́ kí n lè fi iye kan sílẹ̀ fún ibi kọ̀ọ̀kan tí mo ti ń ṣáájì. Sọ́kẹ́ẹ̀tì ilé wa àkọ́kọ́ yọ́. Mo gbọ́ òórùn rẹ̀ kí n tó rí i. Nígbà tí oníṣẹ́ iná máa fi tú u, ẹ̀yìn rẹ̀ ti dúdú bí ìdí ìkòkò, ó ní ámpíà 10 fún wákàtí mẹ́wàá kì í ṣe iṣẹ́ sọ́kẹ́ẹ̀tì lásán. Ó ti fi èyí tí ó nípọn sí tiwa báyìí, ṣùgbọ́n n kò lè sọ fún ẹ̀gbọ́n mi ní Ṣómólú pé kí wọ́n pààrọ̀ sọ́kẹ́ẹ̀tì wọn nítorí pé mo fẹ́ wá kí wọn.

Ó ku ti jẹnẹrétọ̀, èyí tí ó dójú tì mí. Jẹnẹrétọ̀ kan ṣoṣo ni gbogbo ọgbà wa jọ ń lò, a jọ ń dá owó epo rẹ̀ ni. Ní ọjọ́ Sátidé kan, iná lọ, ọmọ tí ó ń tọ́jú ọgbà wa tan jẹnẹrétọ̀, ó sì yí ṣéńjófà sí i. N kò rántí pé okùn ọkọ̀ mi ṣì wà lára sọ́kẹ́ẹ̀tì, ọkọ̀ náà kò sì tíì gbàgbé iṣẹ́ rẹ̀ bí ó ti máa ń ṣe, nítorí kò tíì pẹ́ tí mo ki okùn náà bọ̀ ọ́. Ọjọ́ yẹn gan-an ni ó pinnu láti bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ náà kérora, gílóòbù gbogbo ilé pupa wẹ̀ẹ̀, ó sì kú. Àwọn ará ọgbà jáde sí kọ́ńkéré, Ìyá Àgbà inú ilé ìsàlẹ̀ sì bi mí pẹ̀lú ẹ̀rín pé ṣé epo tí mo ní ọkọ̀ mi kì í mu ni mo fẹ́ fi tiwọn bọ́ ọ báyìí. N kò rí èsì fọ̀. Ẹ fi bọ́tìnnì kan sínú áàpù tí yóò sọ pé iná Nẹ́pà nìkan ni kí ọkọ̀ yìí máa gbà. Ọkọ̀ fúnra rẹ̀ lè dá a mọ̀: iná Nẹ́pà kì í jìnnà sí Hz 50 (ìyẹn iye ìgbà tí iná ń lọ tí ó ń bọ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan), ti jẹnẹrétọ̀ kékeré a sì máa gòkè sọ̀kalẹ̀ bí ẹrù bá ṣe ń wọ̀ ọ́. Ẹ̀rọ tí ó wà nínú ọkọ̀ ti ń wọn èyí lójoojúmọ́. Ẹ kàn ní kí ó máa fi ohun tí ó rí ṣe ìpinnu.

Ní ti ètò tí ẹ ṣe kí ènìyàn lè yan aago tí ṣáájì yóò bẹ̀rẹ̀, mo mọ̀ pé ó wúlò ní ìlú tí iná òru ti dínwó ju iná ọ̀sán lọ. Iye kan náà ni yúnìtì lọ́dọ̀ tiwa, ọ̀sán ìbáà jẹ́ òru, a kò sì lè bá iná dá àdéhùn aago. Ohun tí ó bá wa mu ni kí n sọ fún ọkọ̀ pé kí ó dé ìdá 80 kí n tó jáde lọ́la, kí ó sì máa gba iná nígbàkígbà tí ó bá ti rí i. Bí ó bá sì rí i ní aago mẹ́ta òru pé kò ní lè débẹ̀, kí ó sọ fún mi nígbà yẹn, kì í ṣe nígbà tí mo bá ti wọ bàtà. Ẹ tún máa ń rán mi létí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ pé kí n ṣáájì dé ọgọ́rùn-ún. Mo lọ wádìí ìdí rẹ̀ fúnra mi: irú bátìrì LFP (èyí tí a fi lítíọ́ọ̀mù, irin àti fọ́sífétì ṣe) tí ẹ fi síbẹ̀, fólítì rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà láàárín òfo àti kíkún, nítorí náà kọ̀ǹpútà ọkọ̀ kò lè mọ ibi tí ó dé gẹ́lẹ́ àfi bí ó bá kún tán. Ìdí gidi nìyẹn. Ìbá dára kí ẹ kọ ọ́ síbẹ̀, dípò tí ẹ fi ń pàṣẹ fún mi ní ọ̀sẹ̀ tí a kò rí iná.

Ọkọ̀ náà ní ihò tí a lè ki píléègì bọ̀ láti fa iná jáde, ẹ sì ṣeun fún un, ó ti tan fáànù àti fíríìjì wa lóru tí iná kò dé rárá. Kí n lè sọ fún un pé kí ó má sọ̀kalẹ̀ ju ìdá 40 lọ nítorí mo ní ibi iṣẹ́ láti lọ, kí ó sì fi iye wákàtí tí ó kù hàn mí lórí fóònù. Èyí nìkan ni mo ń fẹ́ níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n wá sí ojú ọ̀nà. Third Mainland Bridge ni mo ń gbà lọ tí mo ń gbà bọ̀, afárá tí ó gùn ju kìlómítà 11 lọ, tí ó sì jẹ́ pé bí ènìyàn bá ti wọ̀ ọ́ láti Adéníjì Adélé, ibi tí yóò ti yà kò pọ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ kan, ọkọ̀ akẹ́rù kan kú sí iwájú wa, gbogbo wa sì dúró. Èéfín Mákòkó wà ní apá òsì mi, ọ̀sà wà ní apá ọ̀tún, àwọn ọmọ tí ń ta omi tútù àti gàlá ń gba àárín ọkọ̀ kọjá. Nígbà tí a dúró, ojú ẹ̀rọ ní kìlómítà 61 ni ó kù tí mo lè rìn, ilé mi kò sì tó kìlómítà 12 sí ibẹ̀. Lẹ́yìn wákàtí kan, ó di 45. Lẹ́yìn wákàtí méjì, ó di 29, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í dún, ó ń bi mí bóyá kí òun wá ibi ìṣáájì fún mi. Lórí omi! Mo pa éésì, mo ṣí fèrèsé, ooru àti èéfín ọkọ̀ ẹlòmíràn wọlé, aṣọ mi lẹ̀ mọ́ ìjókòó.

Nígbà tí mo délé ni mo jókòó ṣe ìṣirò rẹ̀. Ìdá 15 ni ó kù nígbà tí a dúró, èyí jẹ́ yúnìtì mẹ́sàn-án. Éésì kò jẹ ju nǹkan bí yúnìtì kan ààbọ̀ lọ ní wákàtí kan, nítorí náà yúnìtì mẹ́ta ni ó lọ, mẹ́fà kù, ilé mi kò sì lè gbà ju méjì lọ. Mo ìbá jókòó sínú atẹ́gùn tútù fún wákàtí méjì mìíràn kí n sì délé láìsí wàhálà. Ohun tí ó dẹ́rù bà mí ni pé ọkọ̀ ń pín iná tí ó ń jẹ sí iye kìlómítà tí ó ń rìn. Kìlómítà kò sì sí, iná kékeré ń lọ, ìṣirò rẹ̀ wá dàrú. Bẹ́ẹ̀, sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ kò ṣe ọkọ̀ oníná ní nǹkan kan bí ó ṣe ń ṣe ọkọ̀ elépo tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń jó epo ní ojú kan. Bí ọkọ̀ bá ti dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá láàárín ọkọ̀, kí ojú ẹ̀rọ fi kìlómítà sílẹ̀, kí ó máa sọ wákàtí: pé pẹ̀lú éésì ní títàn, mo lè dúró níhìn-ín fún wákàtí báyìí kí n sì tún délé. Gbólóhùn kan yẹn ni gbogbo ẹni tó wà lórí afárá yẹn ń fẹ́ gbọ́.

Lórí afárá yẹn kan náà, mo gbé jíà sí P kí ẹsẹ̀ mi lè sinmi, ilẹ̀kùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì ṣí ara wọn, kọ̀, kọ̀. Ní ìlú Èkó, nínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ, ní ìrọ̀lẹ́! Kò sí ọmọ Èkó tí mo sọ fún tí kò di orí mú. Mo ti rí ibi tí a ti ń yí i padà, abẹ́ ojú ewé mẹ́rin lójú ẹ̀rọ ni ẹ fi pamọ́ sí, àtúnṣe sọ́fítíwíà tó kọjá sì tún dá a padà sí bí ó ti wà. Ẹ jẹ́ kí ilẹ̀kùn máa wà ní títì títí ẹni tí ó wà nínú ọkọ̀ yóò fi ṣí i fúnra rẹ̀.

N kò ní pẹ́ lórí àwọn ariwo. Ọkọ̀ tèmi jẹ́ èyí tí a ṣe fún ọjà Yúróòpù, níbi tí òfin ti sọ ọ́ di dandan láti oṣù Keje ọdún 2024 pé gbogbo ọkọ̀ tuntun gbọ́dọ̀ máa kìlọ̀ fún awakọ̀ nípa ìwọ̀n eré, kí ìkìlọ̀ náà sì tún padà wá ní gbogbo ìgbà tí a bá tan ọkọ̀. Èkó kò sí nínú Yúróòpù. Bí ọkọ̀ bá mọ̀ láti ojú sátẹ́láìtì pé Gbàgádà ni òun wà, kí ó jẹ́ kí ohun tí mo bá pa lánàá wà ní pípa lónìí. Ti bíréèkì tí ó ń tẹ ara rẹ̀ ni kí ẹ fi sílẹ̀ ní títàn, nítorí ó ti gba ọlọ́kadà kan là lójú mi ní Ìkòròdú Road. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́ ọ pé dánfó tí ó yọ imú síwájú ẹni kì í ṣe ìjàm̀bá, bí ó ṣe ń wakọ̀ nìyẹn.

Áàpù orí fóònù náà kò gbọ́dọ̀ máa gba òkè òkun kọjá kí ó tó bá ọkọ̀ tí ó wà níwájú mi sọ̀rọ̀. Mo ti dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú òjò rí, dátà mi ti tán, fóònù ní òun kò rí ọkọ̀. Bluetooth wà lára àwọn méjèèjì. Ẹ jẹ́ kí ó ṣiṣẹ́. Ẹ sì jọ̀wọ́, bí ẹ bá fẹ́ fi àtúnṣe ránṣẹ́, ẹ sọ ohun tí ó yí padà ní gbólóhùn tí ó yé ènìyàn, kì í ṣe pé ẹ mú ìrírí wa dára sí i. Èyí tó kọjá gbé bọ́tìnnì éésì kúrò níbi tí ọwọ́ mi ti mọ̀ ọ́n, ojú pópó ni mo sì ti ń wá a. Ní ti ohùn tí ó ń júwe ọ̀nà, tí ó ń pe Ojúẹlẹ́gba bí ẹni tí iyọ̀ wà lẹ́nu rẹ̀, mo ti fi ìyẹn ṣe ẹ̀rín. Àwọn ọmọ mi a máa sín in jẹ.

Fún oṣù mẹ́ta gbáko ni mo ti ń kọ ìgbà tí iná lọ, ìgbà tí ó dé, iye fólítì tí mo bá lójú mítà àti ohun tí ọkọ̀ ṣe sínú ìwé àkọsílẹ̀ kan. Ojú ewé mọ́kàndínlógún ni. Mo ṣetán láti ya àwòrán rẹ̀ kí n sì fi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni nínú yín tí ó bá béèrè. Bí ẹ bá sì ní àtúnṣe tí ẹ fẹ́ dán wò, ẹ kọ́kọ́ fi sínú ọkọ̀ tèmi. Ti iná tí ó lọ tí ó tún dé yẹn ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, ó kéré tán n ó lè sùn di àárọ̀.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Oníbàárà yín kan ní Gbàgádà, Èkó.